Máńgòrò Tí Wọ́n Ní Ó Ti Di Akọ

Bí òjò bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Ìlọrin, nígbà tí oṣù kọkànlá bá wọlé, ìró àdá àti ayùn a máa pọ̀ ní GRA. Àsìkò tí wọ́n ń tún àyíká ṣe nìyẹn. Ewé gbígbẹ ti kún ojú gọ́tà, ẹ̀ka ń ha páànù lórí, òpin ọdún ń bọ̀, àlejò náà ń bọ̀. Onílé á pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan, á nawọ́ sí igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, á ní, "Bá mi bẹ́ ẹ wálẹ̀ dáadáa." Kí ilẹ̀ tó ṣú, igi tó ga ju ilé lọ á ti di òpó mẹ́rin tó dúró gbagidi, láìní ewé kan lórí.

Mo mọ ọ̀kan nínú irú igi bẹ́ẹ̀. Inú ọgbà ilé àtijọ́ kan ló wà, irú èyí tí fàráńdà rẹ̀ fẹ̀ tí àgbàlá rẹ̀ sì tóbi ju ilé fúnra rẹ̀ lọ. Àlhájà tó ń gbé ibẹ̀ sọ fún mi pé tẹ́lẹ̀, bí oṣù kẹrin bá ti dé, bàsíà ni àwọn fi ń kó èso abẹ́ rẹ̀, tí àwọn ń pín in fún gbogbo ará ilé àti aládùúgbò. Lẹ́yìn tí wọ́n bẹ́ ẹ, ó rúwé. Ewé náà dán, ó tutù, ó ṣú débi pé oòrùn ò rí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọdún kan kọjá, ọdún kejì kọjá, igi ò yọ òdòdó kan. Àlhájà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó. Àwọn èèyàn ní ó ti di akọ."

Kò di akọ. Ìbẹ́pẹ ló máa ń ní akọ igi lọ́tọ̀ àti abo igi lọ́tọ̀. Ní ti máńgòrò, orí ṣírí kan náà ni òdòdó tó jẹ́ akọ nìkan àti òdòdó tó jẹ́ akọ-n-abo pa pọ̀ ń gbé, igi kan ò sì lè ti ìhà kan bọ́ sí ìhà kejì. Ohun tó ṣe igi Àlhájà ni pé wọ́n gé e nígbà tó ń múra àtiyọ òdòdó, wọ́n sì gé e níbi tí kò yẹ. Ọ̀rọ̀ àsìkò àti ojú ibi tí a gé yìí ni ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀, òun ló sì ń sọ igi rere di igi ewé lásán.

Ohun tí òwe ìrókò ń sọ gan-an

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a. Bí a bá ti pa òwe yìí, ọmọ nìkan ni ọkàn wa ń lọ sí, a kì í rántí igi. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó dá òwe náà rí igi, wọ́n sì mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń sọ. Nínú òwe yẹn la ti rí orúkọ tí Yorùbá fún iṣẹ́ náà: pípẹ̀ka, ìyẹn ni ká pa ẹ̀ka kan kúrò lára igi kí ìyókù lè ṣe dáadáa.

Pípẹ̀ka yàtọ̀ sí gígé igi, tó jẹ́ ká gé e lulẹ̀. Ó tún yàtọ̀ sí bíbẹ́ igi, tó jẹ́ ká gé orí rẹ̀ kúrò. Gíga igi nìkan ni ẹni tó ń bẹ́ ẹ ń wò. Ẹni tó ń pẹ̀ka á kọ́kọ́ rìn yí igi ká, á wo ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, á bi ara rẹ̀ pé iṣẹ́ wo ni eléyìí ń ṣe níbí, kó tó mú ayùn.

Àwọn baba wa tó ń dáko kòkó láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún wá mọ èyí dáadáa. Wọ́n a máa yọ èéhù tó bá ń hù láti ara igi kòkó, wọ́n a sì máa já àfòmọ́ bọ́. Ṣùgbọ́n ní Kwara, èmi àti igbá ni igi eléso tí a bá láyé. Fúnra wọn ni wọ́n ń hù láàárín oko, a kàn ń dá wọn sí ni. Àjèjì ni máńgòrò àti kajú. Ó ti lé ní 4,000 ọdún tí wọ́n ti ń gbin máńgòrò ní Íńdíà. Brazil ni kajú ti wá, àwọn Potogí ló gbé e kọjá òkun. Igi dé ọ̀dọ̀ wa, ìmọ̀ nípa ìtọ́jú rẹ̀ ò bá a wá. Èrò mi nìyẹn lórí ìdí tí a fi ń gbin máńgòrò sí gbogbo àgbàlá, tí a sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún Ọlọ́run títí yóò fi kan òrùlé.

Ohun tó ń lọ nínú igi

Ewé ni ilé ìdáná igi. Iná tó ń dá níbẹ̀ ni oòrùn. Ewé tí oòrùn bá ń kàn ń se oúnjẹ, ó ń jẹ, ó sì ń fi ìyókù ránṣẹ́ sí gbòǹgbò, sí ẹ̀ka, sí èso. Èyí tó wà nínú òkùnkùn láàárín igi ò rí iná dá, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ jẹun. Ìdí nìyẹn tí kò fi jẹ́ òótọ́ pé bí ewé bá ti ń pọ̀ ni èso ń pọ̀. Ẹ dúró sábẹ́ máńgòrò tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn fún ogún ọdún, kí ẹ wòkè. Ẹ̀ka gbígbẹ lẹ máa rí láàárín, gbogbo ewé àti èso á wà ní ẹ̀yìn òde bí aṣọ tí wọ́n dà bo agbọ̀n òfìfo.

Afẹ́fẹ́ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ sórí igi tó ṣú, omi kì í tètè gbẹ lára ewé, gẹ́gẹ́ bí aṣọ tí a sá sínú yàrá. Inú ọ̀rinrin bẹ́ẹ̀ ni àìsàn tó ń sọ òdòdó máńgòrò di dúdú, tó sì ń fi àbààwọ́n dúdú sára èso, ti ń gbèrú. Bí ojú igi bá là, oògùn tí a máa fín á dín kù.

Ohun mìíràn tó yẹ ká mọ̀ ni ìjọba tó wà ní orí ẹ̀ka. Ojú, ìyẹn ibi tí ewé tàbí ẹ̀ka tuntun ti ń yọ, tó wà ní ṣóńṣó ẹ̀ka ń pèsè nǹkan kan tó ń sọ̀ kalẹ̀, tó ń sọ fún àwọn ojú tó wà nísàlẹ̀ pé kí wọ́n máa sùn. Ní ọdún 1880 ni Charles Darwin àti ọmọ rẹ̀ Francis tẹ ìwé jáde tó fi hàn pé ṣóńṣó ohun ọ̀gbìn ń ránṣẹ́ sí ìsàlẹ̀. Ní 1933, Kenneth Thimann àti Folke Skoog fi hàn pé nǹkan tó ń sọ̀ kalẹ̀ yìí ló ń dá àwọn ojú ẹ̀gbẹ́ dúró. Bí a bá gé ṣóńṣó náà, àṣẹ tán. Gbogbo ojú tó ń sùn á jí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì máa du òkè. Ẹ ti rí i lára igi tí wọ́n bẹ́: orí òpó kan, èéhù mẹ́wàá sí méjìlá á rú jáde, wọ́n á nàró gbọọrọ bí ọwọ̀ tí a dojú rẹ̀ kọ òkè. Ewé ni wọ́n á máa fi gbogbo agbára yọ. Ẹ̀yìn èèpo nìkan ni wọ́n sì ti so mọ́ igi, wọn ò ní ìdí nínú igi bí ẹ̀ka tó bá igi dàgbà.

Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni a lè gbà gé ẹ̀ka, èrè wọn ò sì dọ́gba. Bí a bá gé orí ẹ̀ka, a ń pe ẹ̀ka tuntun púpọ̀. Bí a bá yọ ẹ̀ka odindi láti ibi tó ti hù, a ń ṣí ojú fèrèsé. Igi tó bá ṣì kékeré nílò ọ̀nà kìíní, kó lè pín sí ẹ̀ka. Àgbà igi, ọ̀nà kejì ló fẹ́.

Àsìkò tí Ìlọrin fún wa

Orí ọwọ́, ìyẹn ẹ̀ka wẹ́wẹ́, tó ti gbó ni máńgòrò ń gbé òdòdó sí, ní ṣóńṣó gan-an. Ẹ̀ka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú, tí ewé rẹ̀ ṣì pọ́n tó rọ̀ dẹ̀dẹ̀, ọmọdé ni. Ó nílò oṣù mélòó kan kó tó gbó. Nígbà tí ọyẹ́ bá wá dé, òtútù òru àti gbígbẹ ilẹ̀ ló ń sọ fún ọwọ́ tó ti gbó pé àkókò tó, kó yọ òdòdó.

Ẹ wá fi èyí wé bí ọdún ṣe ń lọ nílùú wa. Òjò ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ó ń lọ títí di oṣù kẹwàá. Máńgòrò ń pọ́n láti oṣù kẹta, ó sì ń tán lórí igi ní nǹkan bí oṣù kẹfà. Bí a bá pẹ̀ka ní kété tí a kó èso ìkẹyìn, òjò oṣù mẹ́ta mẹ́rin ṣì wà níwájú. Ọwọ́ tuntun á rú, á mu omi, á le, á gbó kí òjò tó lọ. Ọyẹ́ á wá bá a ní ìmúrasílẹ̀. Òpin oṣù kẹfà sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ni àsìkò máńgòrò nìyẹn.

Ẹ wo ohun tí ayùn oṣù kọkànlá ń ṣe. Àwọn ṣóńṣó tó fi gbogbo ìgbà òjò gbó, tó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n yọ òdòdó, ni wọ́n ń gé dànù. Ọwọ́ tó bá rú lẹ́yìn rẹ̀ á tún jẹ́ ọmọdé nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́. Ọdún náà ti lọ. Bó bá jẹ́ pé orí igi ni wọ́n bẹ́ pátá, ọdún méjì tàbí mẹ́ta lè lọ sí i. Lẹ́yìn náà ni ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò á dé, èyí tí gbogbo ará Ìlọrin mọ ọwọ́ rẹ̀, á sì já àwọn èéhù tí kò nídìí yẹn lulẹ̀ sórí òrùlé tí wọ́n torí rẹ̀ bẹ́ igi.

Àwọn igi yòókù ò le tó máńgòrò. Kajú fẹ́ kí a pẹ̀ka òun nígbà tí a bá ṣa ọmọ rẹ̀ tán tí òjò ń múlẹ̀. Gúáfà rọrùn jù, nítorí orí ọwọ́ tuntun ló ń yọ òdòdó sí, ibi tí a bá gé ló tún ń so. Ọsàn, ẹ fọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ mú un: nígbà tí èso ìkẹyìn bá kúrò lórí rẹ̀, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ ẹ̀ka gbígbẹ àti èyí tó ń ha ara wọn, ó tó. Ṣùgbọ́n ẹ máa wo ìdí rẹ̀ dáadáa. Púpọ̀ nínú ọsàn tí à ń rà láti ilé ìtọ́jú irúgbìn, orí ọsàn dídùn ni wọ́n gbé lé ìdí ọsàn kíkan. Bí èéhù bá yọ láti abẹ́ ojú ibi tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀, ti ọsàn kíkan nìyẹn, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi jẹ gàba lórí èyí tí ẹ rà. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sọ pé ọsàn àwọn "yí padà" di kíkan, èéhù yìí ni wọn ò yọ. Ẹ̀ka tó bá ti kú lára igi èyíkéyìí ò ní àsìkò. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i ni kí ẹ yọ ọ́.

Bí ọwọ́ ṣe ń ṣe é

Igi kékeré ló rọrùn jù. Bí máńgòrò tuntun bá ga dé ìbàdí àgbàlagbà, ẹ gé ṣóńṣó rẹ̀. Nínú ọwọ́ tó bá rú, ẹ dá mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí, kí wọ́n kọjú sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí àlàfo sì wà láàárín wọn lára igi. Ẹ yan èyí tó nà sí ẹ̀gbẹ́ ju èyí tó nàró lọ, nítorí ẹ̀ka méjì tó fún ara wọn mọ́ra ló máa ń la nígbà tí èso bá wúwo. Bí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan bá tún gùn, ẹ tún gé ṣóńṣó rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe èyí fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ á ní igi tí òun lè dúró nílẹ̀ ká èso rẹ̀, kò ní wá ẹni tó máa sọ ọ́ lókò.

Àgbà igi gba sùúrù. Ẹ pín iṣẹ́ rẹ̀ sí ọdún méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ má sì gbà ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ewé rẹ̀ lọ lọ́dún kan. Ẹ kọ́kọ́ yọ òkú ẹ̀ka, lẹ́yìn náà èyí tó ní àìsàn, lẹ́yìn náà èyí tó ń ha òmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ yọ ẹ̀ka ńlá kan tàbí méjì láàárín, kí oòrùn lè wọlé. Bí ẹ bá dúró sábẹ́ rẹ̀ tí ẹ rí oòrùn wínníwínní lórí ilẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró.

Ibi tí ayùn á ti wọlé ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹ wo ibi tí ẹ̀ka ti pàdé ara igi. Ẹ máa rí i pé ìdí ẹ̀ka wú díẹ̀, ó ní wíwúnjọ yíká, bí etí ọwọ́ bùbá tí wọ́n ká. Ọrùn ẹ̀ka nìyẹn. Ara igi ni, kì í ṣe ara ẹ̀ka, inú rẹ̀ sì ni agbára tí igi fi ń pa ojú ọgbẹ́ dé wà. Ẹ gé ẹ̀ka ní kété tí ọrùn yẹn parí. Bí ẹ bá gé wọ inú ọrùn, ẹ ti mú aṣọ tí ì bá fi bo ọgbẹ́ kúrò. Bí ẹ bá sì fi kùkùté gígùn sílẹ̀, bóyá kí ọmọ lè rí nǹkan gùn tàbí ká lè rí ibi fi nǹkan kọ́, kùkùté yẹn á kú, á jẹrà, ikán á gbà á kọjá wọ inú igi.

Ẹ̀ka tó nípọn ju ọwọ́ èèyàn lọ gba ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ kọ́kọ́ fi ayùn gé e láti abẹ́, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí ara igi, kó wọlé dé ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ bọ́ sí òkè, ẹ sún síta díẹ̀, ẹ gé e títí ẹ̀ka á fi bọ́. Nítorí gígé àkọ́kọ́ yẹn, kò ní bó èèpo igi lọ bó ti ń ṣubú. Kùkùté tó ṣẹ́kù ò wúwo mọ́, ẹ wá gé e létí ọrùn pẹ̀lú ìfarabalẹ̀.

Wọ́n a máa ní ọgbẹ́ igi ń san. Alex Shigo, onímọ̀ igi tó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí igbó ní Amẹ́ríkà, fi ayùn onínjìnnì la ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi ní gígùn láti wo inú ọgbẹ́ wọn. Ohun tó rí, tó sì gbé jáde ní 1977, ni pé igi kì í wo ọgbẹ́ bí ara èèyàn. Ó ń mọ odi yí i ká ni, bí ẹni tó fi bíríkì dí ẹnu ọ̀nà yàrá tó bàjẹ́, tó wá kọ́ yàrá tuntun síta. Yàrá tó bàjẹ́ á wà níbẹ̀ títí ayé igi náà. Ìwádìí rẹ̀ náà ló fi hàn pé ọ̀dà tí a ń kùn sójú ọgbẹ́ kì í dá ìjẹrà dúró. Ọ́ìlì ọkọ̀ tó ti dúdú, tí àwọn kan ń dà sójú ibi tí wọ́n gé, burú ju ọ̀dà lọ. Ẹ fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ẹfun tí a pò mọ́ omi ní iṣẹ́ tirẹ̀, èèpo tó ti wà lábẹ́ òjìji tẹ́lẹ̀ ni a ń kùn ún sí, kí oòrùn má bàa bó o.

Àwọn àṣà tó ń pa igi

Àwọn kan ní igi tí kò bá so, kí a fi àdá ṣá a lára tàbí kí a kan ìṣó mọ́ ọn, ẹ̀rù á bà á, á so. Mo ti rí igi tó so lẹ́yìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní pe ẹni tó sọ ọ́ ní onírọ́. Inú èèpo ni oúnjẹ tí ewé sè ń gbà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò. Bí àdá bá ṣá èèpo, oúnjẹ á há sókè, igi lè torí ìyẹn yọ òdòdó. Ṣùgbọ́n ebi ń pa gbòǹgbò ní gbogbo ìgbà yẹn, àìsàn sì ti rí ẹnu ọ̀nà. Bí ojú ọgbẹ́ bá yí igi ká pátá, igi á kú. Ìṣó ní tirẹ̀ ò ṣe nǹkan kan ju ọgbẹ́ lọ.

Àfòmọ́ náà gba àlàyé. Ẹyẹ ló ń gbé irúgbìn rẹ̀ tó ń fà bí àtè láti igi dé igi. Bí a bá já ewé rẹ̀ lásán, ó ń padà, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ ti wọ inú ẹ̀ka. Ẹ gé ẹ̀ka náà fúnra rẹ̀, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí ìsàlẹ̀ ibi tí àfòmọ́ ti wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú gbogbo ilé èèrà pupa tó ń fi ewé kọ́ ilé lórí máńgòrò. Wọ́n ń ta èèyàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwádìí tí Paul Van Mele àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2007 láti oko máńgòrò ní orílẹ̀-èdè Benin, tó bá Kwara pààlà, fi hàn pé níbi tí èèrà wọ̀nyí bá pọ̀, eṣinṣin tó ń yé sínú èso kì í pọ̀. Èyí tó burú jù nínú eṣinṣin yìí, àjèjì láti Éṣíà, Kenya ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i nílẹ̀ Áfíríkà ní 2003. Ẹ̀ka tí ilé èèrà bá wà lórí rẹ̀ tí kò sì dí oòrùn, ẹ dá a sí.

Ẹ fi sípírítì nu ojú ayùn kí ẹ tó ti igi kan bọ́ sórí òmíràn. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, oje máńgòrò àti ti kajú ń jó ara. Igi tó bá sì ti kan wáyà iná, ẹ má gun ún. Àwọn tó ni wáyà ló yẹ kó wá.

Ní ti igi Àlhájà, ìparí oṣù kẹfà ni a débẹ̀. A ò bẹ́ nǹkan kan. Lórí òpó kọ̀ọ̀kan, a yan èéhù méjì tàbí mẹ́ta tó le, tó sì nà síta, a yọ díẹ̀ nínú ìyókù láti ìdí. Òpó kan ti jẹrà láti òkè, a gé e létí ọrùn. Nígbà tí a ṣe tán, oòrùn kan ilẹ̀ abẹ́ igi náà, Àlhájà sì gbé àga jáde, wọ́n jókòó síbẹ̀ wo òkè fún ìgbà pípẹ́. Ní oṣù kìíní, wọ́n pè mí lórí fóònù pé kí n tètè máa bọ̀. Ìhà ibi tí oòrùn àárọ̀ ń gbà wọlé ti yọ òdòdó, ṣírí bíi mẹ́rìnlá, oyin ń kùn lórí rẹ̀. Ìhà kejì ò tíì ṣe nǹkan. Wọ́n béèrè bóyá kí àwọn gé ìhà kejì yẹn díẹ̀ sí i. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n gbé ayùn pa mọ́ di oṣù kẹfà.